Èmi Ni Mo Dá Iná Ńlá Sínú Ààrò Màdáàmù Ìbíwùnmí

Ẹ̀yin tí ẹ bá gbọ́ ohùn mi yìí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ dópin kí ẹ tó gbé mi ṣépè. Dókítà ti sọ fún àwọn ọmọ mi pé eruku sìmẹ́ǹtì ogójì ọdún ti ba ẹ̀dọ̀fóró mi jẹ́, pé ohun tó kù kò pọ̀ mọ́. Wọn kò sọ ọ́ létí mi, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń mí bí mo ṣe ń mí yìí kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un. Jésùlayọ̀mi, ọmọ mi obìnrin, ló gbé fóònù rẹ̀ ka iwájú mi lórí àga, nínú ilé rẹ̀ ní Àgbàdo níbí, ó tẹ̀ ẹ́ kó máa gba ohùn mi sílẹ̀. Mo ní kó jáde. Ó ní, "Dádì, kí lẹ fẹ́ sọ tí mi ò gbọ́dọ̀ gbọ́?" Mo ní yóò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ máa wo ojú rẹ̀ nígbà tí mo bá ń sọ ọ́. Ó jáde. Ó wá ku èmi àti òtítọ́ tí mo ti fi pamọ́ fún ọdún mẹ́rin. Orúkọ mi ni Ọládayọ̀. Bíríkìlà ni mí. Láti Mowé títí dé Ìbàfo, Bàbá Alááàrò ni wọ́n ń pè mí, torí èmi ni mo ń kọ́ ààrò písà sí ẹ̀yìnkùlé àwọn ènìyàn. Ẹ gbọ́ mi o. Iṣẹ́ yẹn kì í ṣe tèmi. Ọwọ́ ẹni tí mo ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ ni mo ti jí i.

Àbdùlláhì ni orúkọ ẹni náà. Ọmọ Ifọ̀ ni. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà la ti kọ́ṣẹ́ bíríkìlà, orí ẹní kan la jọ ń sùn, ọjọ́ kan náà la ṣe fríídọ̀mù. Lẹ́yìn náà, èmi dojú kọ ilé kíkọ́, òun dojú kọ ààrò búrẹ́dì. Bí ẹ bá ti jẹ búrẹ́dì rí ní Ifọ̀, ní Àgbàdo tàbí ní Àjùwọ̀n, àfàìmọ̀ ni kó má jẹ́ pé inú ààrò tí Àbdùlláhì fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ni wọ́n ti yan án. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Bó bá fẹ́ ra amọ̀, yóò kọ́kọ́ bu díẹ̀, yóò fi ìka méjì rin ín, yóò gbé e sí imú, ìgbà náà ni yóò tó sọ pé, "Eléyìí máa ṣe ọmọlúàbí," tàbí, "Eléyìí máa dójú tì wá." Nígbà tí ìyá Jésùlayọ̀mi kú, tí ọmọ náà kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ, ilé Àbdùlláhì ló gbé fún ọdún méjì gbáko. Ọmọ́títí, ìyàwó rẹ̀, ló ń dirun fún un, òun ló ń gbé e pọ̀n lọ sí ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì bí ara rẹ̀ bá gbóná. Irú ẹni tí mo ṣe ibi fún nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀tá mi. Bó bá jẹ́ ọ̀tá mi ni, bóyá ìbá rọrùn fún mi láti kú.

Ọdún tó tẹ̀lé ọdún kòrónà ni Àbdùlláhì pè mí. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ti gbẹ lọ́wọ́ mi nígbà náà, ó sì mọ̀. Ó ní, "Ládayọ̀, obìnrin kan wà ní Mowé tó fẹ́ kọ́ ààrò sí ẹ̀yìnkùlé ẹ̀. Wá ká jọ ṣe é." Ó lè dá iṣẹ́ yẹn ṣe. Òun ló pè mí. Obìnrin náà ni Màdáàmù Ìbíwùnmí. Ó lé ní ogún ọdún tó fi dáná ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Èkó kó tó fẹ̀yìn tì sí ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ olóògbé kọ́ sí Mowé. Ó sọ fún wa pé gbogbo ọdún tí òun fi ń yan písà fún àwọn àlejò, ààrò ẹlòmíràn lòun fi ń yan án, òun sì fẹ́ ní tòun kóun tó kú. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì ló ya ààrò náà sí. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó ní, "Ẹ wò ó, mo fẹ́ kó rí roboto bí ìkòkò tí wọ́n dojú ẹ̀ dé, kó lẹ́nu níwájú, kó ní ibi tí èéfín máa gbà jáde. Igi ni mo fẹ́ máa fi dáná sí i o. Mi ò fẹ́ gáàsì. Òórùn igi yẹn gan-an ló ń fún písà ládùn." Àbdùlláhì wo àwòrán náà títí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Màdáàmù, orí ẹ̀ ti ga jù. Bó bá ga tó báyìí, ooru á máa ṣeré lókè lọ́hùn-ún, ìdí písà yín á jóná kí ojú ẹ̀ tó jinná. Ẹ jẹ́ ká rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀. Ẹnu ẹ̀ náà, ká dín in kù, kí ooru má baà máa sá lọ." Màdáàmù pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹnjiníà! Ẹnjiníà gidi lẹ̀yin!" Láti ọjọ́ náà, Ẹnjiníà ló ń pè é. Èmi tí mo dúró ti Àbdùlláhì lẹ́gbẹ̀ẹ́, Bàbá Bíríkìlà ló ń pè mí. Ẹ lè máa sọ pé ṣé ohun tí àgbàlagbà ń bínú sí nìyẹn. Òótọ́ ni, ohun kékeré ni. Ẹ̀gún náà kékeré ni.

Àbdùlláhì ra nótíbúùkù kan, ó fi rúlà ya gbogbo ààrò náà síbẹ̀, ó kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ó ní kí n máa tọ́jú nótíbúùkù náà sínú àpò irinṣẹ́ mi. A fi búlọ́ọ̀kù gbé ìdúró ààrò náà sókè dé ìbàdí, a da kọnkéré sórí rẹ̀. Ó ní kí a to ìgò òfìfo sórí kọnkéré náà, kí a fi amọ̀ tí a pò mọ́ ìyẹ̀fun pákó bò ó, kí ooru má baà rì lọ sísàlẹ̀. Bíríkì pupa tó ti mọ iná lójú ló lọ ṣà ní Ifọ̀, níbi tí wọ́n ti wó ààrò búrẹ́dì àtijọ́ kan. Fún orí ààrò náà, a kó yanrìn tútù jọ bí òkìtì, a gbá a kó rí roboto, a fi bébà tútù bò ó, a wá ń to bíríkì lé e, amọ̀ láàárín wọn, yíká yíká títí a fi pàdé lókè, tó wá dà bí igbá tí wọ́n dojú dé. Nígbà tí amọ̀ náà mú, a gba ẹnu ààrò fa yanrìn jáde díẹ̀díẹ̀. Àbdùlláhì ló ń fà á, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án, ó ń ṣe é bí agbẹ̀bí. Nígbà tí yanrìn tán tí orí ààrò dá dúró, ó jókòó sílẹ̀, ó ní, "Àlùhámúdùlílááhì." Màdáàmù gbé omi tútù wá fún un kó tó fún mi. Ẹ wò ó, mo ṣì ń rántí ẹni tó kọ́kọ́ gba omi. Irú ọkàn tí mo gbé wọ inú iṣẹ́ yẹn nìyẹn.

Ohun méjì ni Àbdùlláhì tẹnu mọ́. Àkọ́kọ́, kò gbọ́dọ̀ sí sìmẹ́ǹtì níbi tí iná ti máa bá a. Ó ní sìmẹ́ǹtì àti iná kì í ṣọ̀rẹ́, pé bí ó bá gbóná tó, ńṣe ló máa bẹ́. Ìkejì, ọjọ́ mẹ́rìnlá gbáko ni a máa fi gbẹ ààrò náà, pẹ̀lú iná kékeré. Ó ní, "Lọ́jọ́ kìíní, iná tí kò ju èyí tí a lè fi bọ ẹyin lọ. Lọ́jọ́ kejì, ká fi díẹ̀ kún un. Omi ṣì wà nínú amọ̀ yìí. Bí iná ńlá bá já lù ú lójijì, á wá ọ̀nà jáde, ara ààrò ló sì máa là gbà jáde." Mo gbọ́ ọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé n kò gbọ́.

Ọjọ́ karùn-ún bọ́ sí ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Àbdùlláhì fẹ́ lọ kírun ní Ifọ̀ kó sì wo ìyá rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá, ó ní òun máa sùn síbẹ̀. Màdáàmù náà ti lọ sí Èkó láti àárọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Kí Àbdùlláhì tó gun ọ̀kadà, ó ní, "Ládayọ̀, iná kékeré o. Igi méjì péré." Mo ní, "Ṣé ọmọdé ni mí ni?" Ohun tí kò mọ̀ ni pé mo ti pe ọkùnrin kan pé kó wá lọ́jọ́ náà. Ayọ̀wálé lorúkọ rẹ̀, ó ní ilé oúnjẹ kan ní Ìbàfo, ó ti gbọ́ nípa ààrò yìí, ó fẹ́ irú rẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú ọjọ́ tí Àbdùlláhì kò ní sí níbẹ̀, kí ó lè gbà pé èmi ni mo ni iṣẹ́. Ó dé bí aago méjì ọ̀sán. Ó yí ààrò náà po, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ gbogbo èyí?" Mo ní, "Ta ni ì bá tún kọ́ ọ?" Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo inú rẹ̀, ó ní, "Ṣùgbọ́n iná yìí kéré o. Àwọn tí mo ń wò nínú fídíò, iná tiwọn máa ń ru kan òkè ni. Àbí tiyín ò lè gbà á?" Ọ̀rọ̀ yẹn gbóná sí mi lára. Mo kó igi. Kì í ṣe igi méjì, kì í ṣe mẹ́rin. Mo kó o bí ẹni tó fẹ́ dáná oúnjẹ àríyá. Iná náà gbéra, ó kan òkè, ó ń ṣàn káàkiri inú igbá ààrò bí omi. Ayọ̀wálé ń ya fídíò, ó ń pariwo, "Bàbá, ẹ too much! Ẹ ti gba iṣẹ́ mi nìyẹn!" Inú mi dùn. Kí n má parọ́ fún yín, n kò rò pé inú mi tíì dùn tó bẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu iṣẹ́.

Ibi tí a ti ń rẹ́rìn-ín la ti gbọ́ ọ. Ó dún pó, bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ lórí orúnkún. Mo fi irin fa gbogbo iná náà jáde. Nígbà tí ó tutù díẹ̀, mo ní kí Ayọ̀wálé tan iná fóònù rẹ̀ sínú. Ìlà kan gùn láti ẹnu ààrò dé ẹ̀yìn, ìka mi wọ inú rẹ̀. Lókè pátápátá, bíríkì mẹ́ta ti sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kúrò láàárín àwọn ẹgbẹ́ wọn. Mo mú fóònù, mo wá orúkọ Àbdùlláhì, ó wà níwájú mi, títẹ̀ ẹ́ ló kù. Ká ní mo tẹ̀ ẹ́ ni, ìbá bínú, à bá wó o, à bá tún un kọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀ ì bá ná wa. Ṣùgbọ́n mo rí ojú Màdáàmù lọ́kàn mi, mo ń gbọ́ bó ṣe máa sọ pé, "Bàbá Bíríkìlà, ṣebí Ẹnjiníà kìlọ̀ fún yín?" Mo fi fóònù padà sí àpò. Ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì tó ṣẹ́kù nígbà tí a ń ṣe ìdúró ààrò ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo pò ó. Mo dùbúlẹ̀, mo kó orí àti apá wọ ẹnu ààrò tó ṣì ń gbóná, mo ń fi sìmẹ́ǹtì ki ojú ibi tó là náà. Ayọ̀wálé ló ń mú iná fóònù dání fún mi. Ó ní, "Bàbá, ṣé kò ní léwu báyìí?" Mo ní, "Sìmẹ́ǹtì kì í jáni kulẹ̀." Èmi tí wọ́n ti sọ fún! Mo fi amọ̀ àti èédú ra ojú rẹ̀ kó lè dúdú bí ti ìyókù, mo sì rẹ́ ẹ̀yìn ààrò náà kí ẹnikẹ́ni má rí i níta. Nígbà tí a ṣe tán, mo sọ fún Ayọ̀wálé pé kó gbàgbé ohun tó rí. Ó ní, "Mi ò rí nǹkan kan o, Bàbá. Mo ti pa fídíò yẹn rẹ́. Ẹ ṣáà bá mi kọ́ tèmi."

Ní ọjọ́ kejì, Àbdùlláhì dé, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn ààrò náà bí ẹni ń fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ. Ó ní, "Ládayọ̀, ara ẹ̀ gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣé o dá iná ńlá sí i?" Mo ní, "Rárá o. Oòrùn ni." Ó ní, "Kí ló dé tí o ti rẹ́ ẹ? A ò tíì gbẹ ẹ́ tán." Mo ní mo fẹ́ kó rẹwà lójú Màdáàmù ni. Ó wò mí títí. Ó ní, "Bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, sọ fún mi. Ènìyàn la lè parọ́ fún, a ò lè parọ́ fún ààrò." Mo fi ẹ̀rín bò ó. Kò bi mí mọ́. Ó gbà mí gbọ́, torí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni mí. A parí ọjọ́ mẹ́sàn-án tó kù pẹ̀lú iná kékeré, a kùn ún ní funfun, Màdáàmù yan písà àkọ́kọ́, ó jó yí ààrò náà ká, ó sì pe orúkọ ọkọ rẹ̀ tó ti kú pé kó wá wò ó.

Ọ̀sẹ̀ méje ló fi dúró. Ó wá di ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Ọ̀pẹ, nígbà tí èrò tó ń lọ sí àpéjọ àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì kún ojú ọ̀nà márosẹ̀, tí àwọn ènìyàn sì ń pe Màdáàmù pé kó bá wọn yan písà tiwọn. Èmi kò sí níbẹ̀, Àbdùlláhì kò sí níbẹ̀. Ìníolúwa, ọmọ Màdáàmù, ló sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó ní ìyá òun na pákó pẹlẹbẹ ọlọ́wọ́ gígùn náà wọ inú ààrò láti yí písà kan padà, apá rẹ̀ ti wọlé dé ìgúnpá, nígbà tí nǹkan bẹ́ gbàù lókè. Igbá ààrò wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ti ẹyin iná jáde lé e lápá àti àyà. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ há sábẹ́ bíríkì gbígbóná. Nígbà tí wọ́n fi máa fà á jáde, awọ ọwọ́ náà ti kù sábẹ́ bíríkì. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gé ìka méjì, mẹ́ta tó kù lẹ̀ mọ́ra wọn títí di òní. Ọwọ́ tó fi ogún ọdún dáná. Ìníolúwa ní ohun kan ṣoṣo tí ìyá òun ń sọ nínú ọkọ̀ ni pé, "Ṣé mi ò fi igi jù báyìí? Ṣé èmi kọ́ ni mo fi igi jù?" Ara rẹ̀ ló ń dá lẹ́bi. Mo gbọ́ èyí pẹ̀lú etí ara mi, n kò sì sọ̀rọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ lérò pé ibi tó burú jù nìyẹn. Ó kù. Àwọn ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù àdúgbò náà ránṣẹ́ pe èmi àti Àbdùlláhì sí ilé alága wọn, Bàbá Mọ́láyọ̀, ní ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìsìn. Ènìyàn kún àgbàlá. Ayọ̀wálé náà wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Alága ní, "Ta ni olórí iṣẹ́ nínú yín?" Àbdùlláhì dìde, ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, àwa méjèèjì la jọ ṣe é. Bó bá jẹ́ ẹ̀bi, a jọ ni ín." Ẹ wo ilẹ̀kùn tí ọkùnrin yìí ṣí sílẹ̀ fún mi. Ó fẹ́ bá mi gbé ìdajì ẹrù tí kò dì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọlọ́pàá ń bà mí, ojú ń tì mí, Ayọ̀wálé sì ń wò mí. Mo dìde. Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, mo kìlọ̀ fún un. Mo ní ká fi sìmẹ́ǹtì gidi to orí ààrò yìí. Ó ní rárá, amọ̀ ni, amọ̀ ni. Amọ̀ rẹ̀ ló ba ọwọ́ Màdáàmù jẹ́." Àgbàlá náà pariwo. Alága ní ṣé mo lè búra. Akọ̀wé wọn gbé Bíbélì rẹ̀ síwájú, mo gbé ọwọ́ lé e, mo fi orúkọ Ọlọ́run alààyè búra. Àbdùlláhì kọjú sí mi. Ó ti ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Ládayọ̀, ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí." Ó ní, "Ó dáa." Ó wá dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú Ìníolúwa, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàlélógún, ó ní, "Ẹ bá mi bẹ ìyá yín." Ìníolúwa tutọ́ sílẹ̀. Mo dúró síbẹ̀, Bíbélì ṣì wà níwájú mi.

Ìníolúwa gbé àwòrán Àbdùlláhì sórí fóònù pé kí gbogbo ayé ṣọ́ra fún un. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbúrẹ́dì ní Ifọ̀ àti Àgbàdo kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Kò sẹ́ni tó tún pè é fún iṣẹ́ ààrò mọ́. Ọkùnrin tó lé ní ọgọ́ta ọdún lọ ń ru búlọ́ọ̀kù níbi tí wọ́n ti ń mọ ọ́n ní Àjùwọ̀n. Èmi ńkọ́? Nótíbúùkù rẹ̀ wà nínú àpò irinṣẹ́ mi. Mo ṣí i, mo fi kọ́ ti Ayọ̀wálé ní Ìbàfo, mo fi amọ̀ to o bó ṣe kọ ọ́ síbẹ̀, mo fi iná kékeré gbẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá pé pérépéré. Kò là. Mo kọ́ mẹ́wàá mìíràn tẹ̀lé e, kò sí èyí tó là. Mo dúró níwájú ìjọ, mo jẹ́rìí pé Olúwa gbé mi ga lọ́jọ́ ogbó, wọ́n sì ní halelúyà. Àbdùlláhì pè mí lẹ́ẹ̀mejì, n kò gbé e. Nígbà Iléyá, ó fi ẹran rán Ọmọ́níkẹ́ ọmọ rẹ̀ sí mi gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe lọ́dọọdún. Mo gbà á. Mo jẹ ẹ́. Ọdún kejì lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, ó ṣubú síbi tó ti ń ru búlọ́ọ̀kù, kò sì dìde mọ́. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gan-an. Mo lọ sí Ifọ̀, mo dúró ní òdìkejì títì, mò ń wo àwọn tó gbé e kọjá. N kò lè sọdá.

Ní oṣù tó kọjá, Ọmọ́títí wá kí mi níbí. Ó gbọ́ pé ara mi kò yá. Ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá. Ó jókòó, ó béèrè bí mo ṣe ń sùn, ó kí Jésùlayọ̀mi tó pọ̀n rí, lẹ́yìn náà ló ní, "Bàbá Jésùlayọ̀mi, mi ò wá bá yín jà. Bàbá Ọmọ́níkẹ́ ní kí n má bá yín jà láéláé. Ó lọ wo ààrò yẹn lọ́jọ́ kejì tó wó. Ó rí sìmẹ́ǹtì nínú àwókù ẹ̀, ó ṣa wóró kan. Inú àpò ẹ̀ ló wà lọ́jọ́ tí ẹ búra." Mo gbé ẹ̀kọ náà sílẹ̀. Ó ní, "Èmi bínú o. Mo ní kí ló dé tí ò mú un jáde. Ó ní tóun bá mú un jáde, ẹ di ẹni tó fi Bíbélì parọ́ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn nìyẹn, ẹ ò sì ní lè gbé orí yín sókè mọ́. Ó ní, 'Jẹ́ kó sọ ọ́ fúnra ẹ̀. Ládayọ̀ ni, kò ní pẹ́.' Ó ń retí yín. Gbogbo ìgbà tí ọ̀kadà bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, á gbé orí sókè, á ní, 'Ó lè jẹ́ òun.' Títí ó fi kú." Mo fi ọwọ́ júwe àpò irinṣẹ́ mi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó yọ nótíbúùkù náà, ó rí ìwé ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó fi sínú báàgì, ó dìde. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Àwọn ọmọ mi ṣì ń jẹ́ ọmọ ẹni tó sun obìnrin lọ́wọ́."

Mo ránṣẹ́ pe Màdáàmù Ìbíwùnmí. Ó wá, ó fi ìborùn bo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, Jímọ́ọ̀ àti iná ńlá, sìmẹ́ǹtì àti ìbúra. Mo rò pé yóò lù mí. Ó tú ìborùn náà kúrò lára ọwọ́ rẹ̀. Ó wá ní, "Ọdún mẹ́rin. Ojoojúmọ́ ni mò ń pe orúkọ Àbdùlláhì nínú àdúrà mi, kì í ṣe fún ire. Nígbà tí mo gbọ́ pé ó kú, mo ní Ọlọ́run ti dá mi láre. Mo ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbé ọwọ́ yìí sókè, mo jó." Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Báyìí, níbo lẹ fẹ́ kí n gbé ìdúpẹ́ yẹn gbà?" Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní, "Mi ò tíì mọ̀. Mi ò ní parọ́ fún yín torí pé ẹ fẹ́ kú. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ fún ìyàwó ọkùnrin yẹn." Láti ibí ló ti wọ ọkọ̀ lọ sí Ifọ̀. Wọ́n sọ fún mi pé òun àti Ọmọ́títí jókòó pọ̀ di ìrọ̀lẹ́, pé Ọmọ́títí ló ń fi ṣíbí bu oúnjẹ fún un.

Èmi kò ní ohun púpọ̀ láti sọ mọ́, èémí mi ti ń kúrú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, bí ohun tí ẹ kọ́ bá là mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ pariwo lójú ẹsẹ̀ pé ó ti là. Ìtìjú ọjọ́ kan ni. Wọ́n á bú yín, ẹ ó wó o, ẹ ó tún un kọ́, ẹ ó sì jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Èmi tí mo sá fún ìtìjú ọjọ́ kan, ẹ wo ohun tí mo fi rọ́pò rẹ̀: ọwọ́ obìnrin kan, ẹ̀mí ọ̀rẹ́ mi, àti àdúrà tí n kò lè gbà láti ọdún mẹ́rin. Ayọ̀wálé, mo ti dárúkọ rẹ, má bínú. Ìwọ ṣì lè rìn, lọ sọ tìrẹ fúnra rẹ. Jésùlayọ̀mi, mo mọ̀ pé wàá sunkún. Má ṣe gbèjà mi lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ohùn yìí, fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ibi tí àwòrán Àbdùlláhì dé nígbà náà: ọ̀dọ̀ àwọn oníbúrẹ́dì, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù, ọ̀dọ̀ àwọn ará ìjọ mi tí wọ́n bá mi ké halelúyà. Ọmọ́títí, Ọmọ́níkẹ́, Màdáàmù, Ìníolúwa, mo bẹ̀ yín, ẹ dárí jì mí. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, n kò ní bá yín wí. Ẹ jẹ́ kí n máa gbé tèmi lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ mi, ibi tí ẹ bá ti gbọ́ kí wọ́n dárúkọ Àbdùlláhì bíríkìlà, ọmọ Ifọ̀, ẹ má ṣe dákẹ́ bí mo ṣe dákẹ́. Ẹ sọ fún wọn pé kò sun ẹnikẹ́ni, pé kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni, pé ààrò tó kọ́ dára. Èmi ni mo bà á jẹ́.